Ìwọ̀n Jíìpù Tí Kò Lẹ́ńjìnì

Ọgọ́ta kílò ni mo wọ̀n. Ó dá mi lójú, nítorí pé ìdí òṣùwọ̀n ọkọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlá, kò sì sí ọjọ́ tí mi ò gun orí rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàrùbá kan, mo wọ inú jíìpù kan tí kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀, mo jókòó, òṣùwọ̀n sì sọ pé ohun tó kún jíìpù náà jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kílò ó lé àádọ́ta.

Ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ wà láàárín Ìkẹjà àti Agége, lẹ́bàá ojú irin. Gbogbo ọkọ̀ ẹrù tó bá ń wọlé tàbí tó ń jáde gbọ́dọ̀ gun òṣùwọ̀n náà, irin pẹrẹsẹ ńlá kan tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nínú ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi òkúta há táyà, kí n sì sọ fún dírẹ́bà pé kó sọ̀kalẹ̀. Akọ̀wé tó ń ka abẹ́rẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Johnson, ọmọ Èkó, tó máa ń wọ táì nínú ooru, tó sì gbà pé kò sí ẹni tí kì í purọ́ láyé yìí àfi òṣùwọ̀n òun.

Alhaji Abdulafeez, ọmọ agbo ilé wa ní Màsífà, Ògbómọ̀ṣọ́, ló ra jíìpù náà nínú ọgbà wa. Jíìpù àwọn tó ń wọ igbó lọ wá òkúta ni tẹ́lẹ̀. Táyà rẹ̀ ga, irin rẹ̀ nípọn, ẹrẹ̀ ọdún mẹ́wàá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnì àti jíà rẹ̀. Alhaji fẹ́ kí wọ́n fà á lọ sílé, kí wọ́n gbé e sí iwájú agbo ilé, kí mẹkáníìkì tirẹ̀ wá fi ẹ́ńjìnì míì sí i, kó lè máa gbé e lọ sóko. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ń fà gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa di sítíárìn rẹ̀ mú. Alhaji ní èmi ni òun fẹ́.

Ó bọ́ sí àsìkò fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn kàn mí pé màmá mi ò lè dìde lórí ẹní mọ́, orúkọ mi ni wọ́n sì ń pè ṣáá. Mo ti bẹ ọ̀gá wa pé kó fún mi láyè. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ní màmá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alhaji bá a sọ̀rọ̀ nítorí jíìpù, ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin lójú ẹsẹ̀. Bí jíìpù bá lọ, màá bá màmá mi láyé. Bí kò bá lọ, n ó padà sí ìdí òkúta mi, n ó máa dúró de ẹni tó máa wá sọ fún mi pé wọ́n ti sin wọ́n.

Shuaib ló ni ọkọ̀ tó fẹ́ fà á. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, ó sanra, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọ̀pá irin tó fi ń fa ọkọ̀ ti ṣẹ́ nígbà kan, wọ́n sì ti jó o pọ̀.

"Tọ́ọ̀nù méjì," Shuaib wí. "Bó bá fi kílò kan lé, mi ò lọ. Òkè pọ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́. Bí ọ̀pá yìí bá já lórí òkè, èmi á dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìwọ Jimoh á fi ẹ̀yìn rìn padà sí Ìbàdàn."

Johnson ní ohun tó rọrùn ni. Ó mú ìwé jíìpù náà, ó wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó yọ ti ẹ́ńjìnì, ó yọ ti jíà, ó ro ti ẹrẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà a ti jíìpù gun òṣùwọ̀n. Táyà iwájú la kọ́kọ́ wọ̀n, a wá wọn tẹ̀yìn, a sì wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ géérégé. Ohun tí Johnson ti ṣírò náà nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ó ku kí a wọ̀n ọ́n pẹ̀lú Jimoh nínú," ó wí. "N ó kọ́kọ́ lọ mú ìwé tí n ó kọ ọ́ sí."

Ibi tí a ti ṣe àṣìṣe nìyí. Kí Shuaib tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, ọdún méjìlá ló fi ṣe kọ̀ńdọ́ láti Agége sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò lè dúró ti ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má ṣiṣẹ́. Bí a ṣe ń dúró de Johnson, ó gbé apá lé ilẹ̀kùn jíìpù, ó ń wo òfurufú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pè, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń kọrin fún ara rẹ̀.

"Ìbàdàn, Fìdítì, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́. Wọlé, ó ń lọ báyìí. Ó ku ẹni méje. Bàbá, ẹ sún mọ́ inú. Ó ku mẹ́fà. Ìyá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wọlé. Ó ku márùn-ún."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kà á dé orí ẹnì kan, ó sì pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé. Mo rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣàkíyèsí ni pé ó gbá ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé, bí ìgbà tí orúnkún èrò bá wà lọ́nà.

Johnson dé, mo wọlé sídìí sítíárìn. Jíìpù náà tutù. Oòrùn ti là, irin ọkọ̀ sì ti ń gbóná níta, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni mo ń gbọ́. Mo gbọ́ tí Johnson ń gbá dígí abẹ́rẹ́ nínú ilé kékeré rẹ̀. Ó yọjú.

"Jimoh, kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Gàrí, sà."

"Àpò mélòó?"

Abẹ́rẹ́ dúró sórí tọ́ọ̀nù méjì ó lé àádọ́ta kílò. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, ó fi ọgọ́ta dín. Ó ní kí n gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan sórí irin. Mo gbé e, ó fi àádọ́ta lé. Mo gbé e kúrò, ó fi àádọ́ta dín. Kò sí ohun tó ṣe òṣùwọ̀n. A ti jíìpù sẹ́yìn, a tún wọn iwájú àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iwájú fi díẹ̀ lé. Ẹ̀yìn ni gbogbo ìyókù wà. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: àwọn sípírìn ẹ̀yìn ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Johnson jókòó sórí àpótí, ó fi bírò ṣírò lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín mẹ́wàá ló fi lé," ó wí. "Bí a bá pín in sọ́nà méje, àádọ́rin-àádọ́rin kílò ni." Ó gbójú sókè. "Shuaib, èrò mélòó lo pè?"

Shuaib yọ ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó sún sẹ́yìn. Mo yọjú wo inú jíìpù láti fèrèsé. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ìjókòó ti jìn wọnú ní ojú ibi méje: mẹ́fà lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti jókòó.

Johnson nawọ́ sí ògiri ẹ̀yìn ọgbà wa. Ìtẹ́ òkú àtijọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ láti òkè lọ́hùn-ún, tí wọ́n kú, tí kò sẹ́ni gbé wọn relé, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin wọ́n sí.

"O dúró síwájú ìtẹ́ òkú," Johnson wí, "o ní Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́."

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́."

"Ogún ọdún ni wọ́n ti ń dúró ní gáráàjì."

Shuaib fi ọwọ́ nu ojú. Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì fi ohùn kọ̀ńdọ́ tó fẹ́ tan èrò jẹ wí pé, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọkọ̀ yìí ti bàjẹ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn."

A wo abẹ́rẹ́. Ó fi àádọ́rin dín. Ó dúró díẹ̀, ó sì tún padà sí ibi tó wà.

"Ẹnì kan sọ̀kalẹ̀ wò ó," Johnson wí. "Ó rí i pé irọ́ ni."

Èmi náà bẹ̀ wọ́n. Mo sọ fún wọn pé màmá mi ló ń ṣàìsàn, mo ní kí ẹnì kan péré ṣàánú mi, kó dúró de ọkọ̀ míì. Abẹ́rẹ́ ò mì. Ẹni tó ti fi ogún ọdún dúró, mi ò mọ ohun tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́.

Johnson ló rí ọ̀nà. Ó ní wọn ò sọ̀, ṣùgbọ́n èmi lè sọ̀. Bí èmi bá jókòó sọ́dọ̀ Shuaib nínú ọkọ̀ tó ń fà, jíìpù á jẹ́ tọ́ọ̀nù méjì ó dín kílò mẹ́wàá. Ọ̀pá á gbé e.

"Ta ló máa wá di sítíárìn mú?" mo bi í.

Kò tíì dáhùn tí ojú ibi tó jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó mi fi wú padà, tí ìjókòó ìdí sítíárìn sì jìn. Sítíárìn yí sósì díẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún díẹ̀, ó dúró. Bíréèkì wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó jáde.

"Dírẹ́bà wà nínú wọn," Shuaib wí.

Johnson kọ ìwé fún wa. Ó kọ ìwọ̀n, ó kọ ọjọ́, ó kọ "èrò méje", ó wá fa ìlà lé ìyẹn.

Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí a fi gbéra. Mo ń wò wọ́n nínú dígí. Ẹni yẹn mọ ọkọ̀ wà ju èmi lọ. Kòtò tí Shuaib kó sí, jíìpù yà fún un. Níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀pá kò sì dún rárá. Shuaib ní òun ò rí ẹni tó di sítíárìn mú tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti ń fa ọkọ̀, ó sì dára kí n mọ̀ pé kì í ṣe pé òun ń bú mi.

Lẹ́yìn Ìbàfò, àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn yí jíìpù náà ká, ó sì bọ̀ wá bá wa pẹ̀lú ìbínú.

"Ta ló fún yín láṣẹ kí ẹ kó èrò sínú ọkọ̀ tí ẹ ń fà?"

"Èrò wo, ọ̀gá?" Shuaib bi í.

"Ṣé mo fọ́jú ni? Mẹ́fà ló há mọ́ra lẹ́yìn. Mo kí wọn, wọn ò dá mi lóhùn. Bàbá tó di sítíárìn mú nìkan ló mọ ìwà hù."

Mi ò fẹ́ bèèrè, ṣùgbọ́n mo bèèrè. "Kí ni bàbá náà wọ̀, sà?"

"Aṣọ funfun. Kò tilẹ̀ rán an. Ó kàn fi dira ni. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn fi ń wakọ̀ nìyẹn." Ó ní kí a máa lọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n kú sí ojú òun.

Bí a ṣe dé Ìbàdàn, a gbọ́ tí wọ́n gbá ara jíìpù lẹ́ẹ̀mejì. Gbà, gbà. Ẹsẹ̀ Shuaib tẹ bíréèkì kó tó mọ ohun tó ń ṣe. "Ó ń bọ̀ o," ó wí. Ó mọ́ ọn lára. A dúró. Mo wo dígí: ẹ̀yìn jíìpù gòkè díẹ̀, ó tún gòkè díẹ̀. Ẹni méjì sọ̀. Ní Fìdítì, gbà, gbà, ẹnì kan. Ní Ọ̀yọ́, mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì pẹ́ kó tó sọ̀, bí ẹni ń wá ẹrù. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ̀, Shuaib ń kí wọn pé ó dàbọ̀. Nígbà tí a kúrò ní Ọ̀yọ́, ó ń súfèé. Ó ní iṣẹ́ rere la ṣe. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tó kù yìí, ọmọ ìlú wa ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

A wọ Màsífà kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì. A gbé jíìpù sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú agbo ilé wa, bí Alhaji ṣe wí. Mo fi Shuaib sílẹ̀ kó máa tú ọ̀pá rẹ̀, mo sáré wọlé.

Màmá mi wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú wọn là sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Omi bọ́ lójú mi.

"O dé, Jimoh," wọ́n wí. "Dírẹ́bà yín ti wọlé kí mi."

"Shuaib ṣì wà níta, màmá."

"Kì í ṣe Shuaib. Èyí tó wọ aṣọ funfun. Ó ní wọ́n ní kí òun wá gbé mi."

Ẹsẹ̀ wọn tí mo dì mú, mi ò lè fi í sílẹ̀. "Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo bi í bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ti kún. Ó ní gbogbo èrò òun sọ̀ lọ́nà. Mo ní kó lọ wá èrò nígbà náà. Ogójì ọdún ni mo fi ná ọjà Ìlọrin, Jimoh, mi ò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ rí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ooru ń pa. Mo ní ó dìgbà tó bá ku ẹnì kan kó tó wá pè mí."

"Kí ló wá wí?"

"Kí ló máa wí? Dírẹ́bà wo ló ń gbé èrò kan ṣoṣo? Ó ní òun á dúró."

"Ṣùgbọ́n jíìpù yẹn ò lẹ́ńjìnì, màmá."

"Òun náà ò lẹ́mìí. Ṣé ìyẹn ní kó má wà á dé ibí?"

Mo jáde. Shuaib ti tú ọ̀pá tán, ó gbé apá lé ilẹ̀kùn jíìpù tó ṣí sílẹ̀, ó ń wo àwọn tó ń lọ sí mọ́sálásí. Mo rí i tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Mo fò lé e, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì dí i lẹ́nu. A ṣubú pọ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Àwọn ará àdúgbò rò pé ìjà ni. Nígbà tí mo sọ ohun tí màmá mi wí fún un, ó gun ọkọ̀ rẹ̀, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ó fi ọwọ́ dí ẹnu ara rẹ̀ títí tó fi jáde ní ìlú.

Láti ọjọ́ kejì ni ara màmá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí yá. Wọ́n mu ògì, wọ́n jókòó, wọ́n bú ìyàwó àbúrò mi. Mẹkáníìkì Alhaji wá. Ó ṣí ilẹ̀kùn jíìpù, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ó sì pa á dé. Ó ní òun á padà wá bí ó bá rọrùn fún bàbá. Kò tíì padà wá.

Òṣùwọ̀n ò sí ní Màsífà, ṣùgbọ́n mo ti fi ọdún mẹ́rìnlá wo táyà. Mo ń fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn àti irin tó bò ó. Ní ọjọ́ tí a dé, ìka mẹ́jọ ni. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó di ìka méje. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n sin Bàbá Oyèbọ́lá, aránṣọ tó wà ní agbo ilé kejì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá kan kú lójú ọ̀nà odò, ó di mẹ́fà. Ìka kan, ẹnì kan. Ẹ̀yìn gba mẹ́fà, dírẹ́bà náà ò sì gbé ẹnikẹ́ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń bọ̀. Bí ó bá ku ìka mẹ́ta, márùn-ún ti wọlé, ó sì ku ìjókòó màmá mi.

Ọjọ́ mẹ́rin tí ọ̀gá fún mi ti kọjá tipẹ́. Mi ò lè lọ. Láàárọ̀, mo máa ń kiri gbogbo ilé tí aláìsàn wà. Mo ń gbé àgbo fún wọn, mo ń dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi mu ún tán. Mo ti gbé Job, olùṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ikọ́ rẹ̀. Ó ní Onígbàgbọ́ ni òun, Mùsùlùmí ni mí, kí ló kàn mí nínú ikọ́ òun? Mo ní ọmọ ìlú kan náà ni wá. Mi ò lè sọ fún un pé ìka kan ni. Àwọn ènìyàn ń sọ pé Èkó sọ mí di ẹni rere. Ìmáàmù pe orúkọ mi nínú wáàsí.

Màmá mi náà ń ṣe tiwọn. Wọ́n ń fi tẹ̀sùbáà tọrọ àlàáfíà fún gbogbo Màsífà, lórúkọ-lórúkọ, kódà fún orogún wọn tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré.

Láàárọ̀ òní, mo tún wọ̀n ọ́n. Ìka mẹ́rin: ẹni méjì ti wọlé lóru, mi ò sì tíì mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo lo ọwọ́ òsì. Mẹ́rin náà ni. Mo sáré lọ sí ilé Job. Ó ń wúkọ́, ó ń bú mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo padà wọlé. Màmá mi ti wẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ìka mélòó?" wọ́n bi mí.

"Mẹ́fà, màmá. Kò tíì yí padà."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní òótọ́ ni pé láti kékeré ni mi ò ti mọ irọ́ pa, ìdí nìyẹn tí òun ò fi mú mi lọ sọ́jà rí. Wọ́n wá ní kí n bá òun mú bàtà òun tó wà nínú yàrá, kí n nù ún, kí n gbé e síbi tí ẹsẹ̀ òun á ti tó o. Kì í ṣe pé òun ń lọ síbì kan o. Dírẹ́bà ni kì í fẹ́ràn kí ẹni tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bàtà.

Mo ti nù ún. Mi ò tíì gbé e jáde.